Ìwádìí Tí Ìyá Basit Lọ Ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́

Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin tó tó ilé ọkọ lọ ní ìlú Ọ̀yọ́, tí ẹ sì fẹ́ mọ irú ilé tó fẹ́ kó sí, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ lọ sí Owódé, kí ẹ béèrè Ìyá Basit onírọ̀rí. Ràmọ́tà lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni í pe àgbà lórúkọ? Ìrọ̀rí àti tìmùtìmù olówùú ló ń rán jẹ. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń wá kiri ni ìwádìí àna. Bàbá ìyàwó á yọ́ wá bá a, á ní, "Ìyá Basit, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọjú sí àdúgbò àwọn ará ibí yìí." Ìyá Basit á di ìrọ̀rí mélòó kan lẹ́rù bí ẹni tó kiri ọjà, ó di àdúgbò ọkọ ìyàwó.

Kì í béèrè ohun rere lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ohun rere, kò sẹ́ni tí kò lè sọ ọ́. Á jókòó ti aládùúgbò, á gba omi mu, á yin ọmọ wọn, á wá bi wọ́n bí ẹni ń ṣeré pé, "Ẹ̀yin àtàwọn ará ilé yìí, kí lẹ jọ jà lé lórí rí?" Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà! Èyí á ní ewúrẹ́ wọn ló jẹ ẹ̀gẹ́ òun. Ìyẹn á ní wọn kì í gbálẹ̀ ojúde. Ẹlòmíràn á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní ọmọkùnrin wọn ti fi ìgbátí lé ìyàwó kan lọ rí. Ilé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ nìkan ni wọ́n jà lé lórí, Ìyá Basit á ní kí wọ́n máa gbé ìyàwó bọ̀. Ilé tí ìgbátí bá ti wọ̀ ọ́, ó parí.

Obìnrin yìí ní àbúrò kan ṣoṣo tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, Raliat. Tísà ni Raliat. Ó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí ohùn rẹ̀ fi há, ó fẹ̀yìn tì, ìjọba sì jókòó lé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ bí adìẹ ṣe ń jókòó lé ẹyin. Ilé tó ń kọ́ sí Jọbẹ̀lẹ̀ dúró láìlórùlé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò ló ń sùn sí pálọ̀. Raliat fúnra rẹ̀ ń sùn sí yàrá Ìyá Basit, láàárín àpò òwú, ó sì máa ń sín láti àárọ̀ dalẹ́. Ìgbà tí owó náà wá jáde, mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló jọ sunkún. Wọ́n ní kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀, páànù á ti dé orí ilé.

Káfíńtà ò tíì dé ibẹ̀ tí Raliat fi gbé fóònù wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí mi, owó yìí ò tó páànù mọ́ o. Nǹkan ti gbówó lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo nǹkan tí wọ́n gbé sórí Wásáàpù àwa tísà."

Fọkànbalẹ̀ Coin lorúkọ nǹkan ọ̀hún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Israfil ló dá a sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èèyàn á fi náírà rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á fi ra dọ́là tó ń gbé inú fóònù fún un, á máa rí i níbẹ̀ bó ṣe ń lé sí i. Ìgbà tó bá wù ú, á ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ padà sí náírà. Wọ́n ní ẹni tó bá fowó sí i kí wọ́n tó pe ìrun àsárì lọ́jọ́bọ̀, wọ́n á fún un ní ẹ̀bùn lé e lórí.

Ìyá Basit gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Dọ́là tí a ò lè fọwọ́ bà, ta ló ń ṣọ́ ọ?"

"Ayé ti kúrò níbẹ̀ yẹn, Àǹtí mi. Owó tó wà ní báńkì náà, ṣé ẹ ń fọwọ́ bà á ni?"

"Mo mọ ilé báńkì. Bí wọ́n bá ṣe mí báṣubàṣu, mo lè dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹnu ọ̀nà ta ni mo fẹ́ dùbúlẹ̀ sí nínú fóònù?"

Raliat rẹ́rìn-ín títí ó fi sín. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ bá mi lọ wádìí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń wádìí àna. Bí ẹ bá ní ó dáa, ó dáa. Bí ẹ bá ní kò dáa, mo pa ẹnu mi dé."

Ọ̀rọ̀ tó wọ Ìyá Basit lára nìyẹn. Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀hún, kò ì pẹ́ tó kírun àárọ̀ tó ti wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ẹrù ìrọ̀rí. Ọ̀nà yẹn gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí egungun ìdí rẹ̀ fi ń ké pe Ọlọ́run, àmọ́ inú rẹ̀ dùn, torí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ni wọ́n bẹ̀ ẹ́.

Lójú ọ̀nà Sábó ni ọ́fíìsì Israfil wà, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan tí wọ́n kùn láwọ̀ ewéko. Ìyá Basit ò gòkè. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ àti mílíìkì ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí, Ìyá Bushrah.

"Ẹ kú ọjà o."

"Ẹ kú ìrìn, Màmá. Ẹ jókòó, oòrùn mú."

Ó gba omi mu. Ó yin Bushrah tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ ní àdúgbò àna, àmọ́ irọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí: ó ní ọmọbìnrin ẹnìkan l'Ọ́yọ̀ọ́ ni Israfil fẹ́ fẹ́, àwọn òbí ọmọ ló rán òun.

"Israfil!" Ìyá Bushrah pàtẹ́wọ́. "Màmá, kí wọ́n tètè máa gbé ọmọ bọ̀ o! Áńgẹ́lì ni. Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

"Kí lẹ jọ jà lé lórí rí?"

"Àwa kẹ̀? A ò jà rí."

Ìyá Basit mi orí. Ó kọjá sọ́dọ̀ Mátíù tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ kejì títì. Mátíù nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní bí òun bá ní àbúrò obìnrin, Israfil lòun ò bá fún. Ìjà ńkọ́? Ó ní ìjà kankan ò sí. Ó wá tẹ́ ẹnu síwájú, ó béèrè pé, "Bàbá ìyàwó ọ̀hún, Màmá, ṣé owó wà lọ́wọ́ wọn?" Ìyá Basit ní wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Ó kọjá sọ́dọ̀ onílé, Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá, àgbàlagbà tó ń gbatẹ́gùn lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Bàbá ní kò sí ayálégbé tó dà bí Israfil, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí òun lárààárọ̀. Ìjà ńkọ́? Bàbá ní ká má rí ìjà. "Ọmọ olówó ni ìyàwó ọ̀hún àbí ọmọ aláìní?" Ìyá Basit rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí mà lójú kòkòrò o.

Ìgbà yẹn ló tó gun òkè. Bí Israfil ti fojú kàn án, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, iwájú orí rẹ̀ dúdú níbi tó fi ń forí kanlẹ̀ lórí ìrun. Ìyá Basit ní òun fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dán dọ́là inú fóònù wò. Israfil fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é fún un. Owó kò ì tíì tutù níbẹ̀ tí Ìyá Basit fi ní, "Mo fẹ́ gbà á padà." Israfil ò bojú jẹ́. Ó tẹ fóònù, ìpè báńkì sì dún nínú àpò Ìyá Basit kó tó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn: owó ti wọlé, ó pé.

Háà. Ojú rẹ̀ là. Ó yọ fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀.

"Raliat, wọ́n ń sọ rere rẹ̀ o. Mo fowó sí i, mo sì gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Ó jọ pé ó dáa. Jẹ́ kí n padà dé ná."

"Àlùhámúdùlílàhì! Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí mi."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí inú ń bí mi. Obìnrin tó ti tú àṣírí ìdílé tó tó ìdílé, tó mọ̀ pé gbogbo alángbá ló danú délẹ̀ tí a ò mọ èyí tí inú ń run, ó ṣe wá jẹ́ pé lọ́jọ́ tó kan ọmọ ìyá rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ kó tó parí iṣẹ́? Ó ṣe wá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ Ìyá Bushrah tó ti lọ gbé ẹrù rẹ̀ ni nǹkan ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu? Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe ìwádìí, kò tíì dé àdúgbò tí kò ti rí ẹnìkan, ó kéré tán, tó ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọmọ Ànábì pàápàá á bá aládùúgbò rẹ̀ ní gbólóhùn asọ̀. Báwo ni ti Israfil ṣe wá jẹ́?

Ó ń rò ó bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Bushrah bá a gbé ẹrù sókè, tó sì rọra béèrè pé, "Màmá, àwọn òbí ìyàwó yẹn, ṣé wọ́n á lè fowó sí iṣẹ́ ọkọ ọmọ wọn?"

Ìyá Basit sọ ẹrù náà padà sílẹ̀.

Ẹnìkẹta nìyẹn. Ní gbogbo àdúgbò tó ti dé, ohun tí aládùúgbò ń béèrè ni pé ọmọ ta ni ìyàwó, ṣé ó lẹ́wà, ṣé ó ní sùúrù. Ẹnikẹ́ni ò béèrè rí bóyá bàbá rẹ̀ lówó. Kí ló kan ọlọ́ṣẹ, kí ló kan alẹtáyà, kí ló kan onílé nínú owó bàbá ìyàwó?

Ó wo Ìyá Bushrah lójú. "Ìyá Bushrah, èló ni tìẹ tó wà lọ́wọ́ Israfil?"

Obìnrin náà wo òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó wo títì, ó wá jókòó sórí páálí mílíìkì. "Màmá, gbogbo owó ọjà mi ni," ó ní. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi hàn án. Owó ńlá ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń lé sí i lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bó ti ń tẹ̀ ẹ́ pé kó jáde, pẹ́ńdìn ló ń kọ, pé kó máa dúró. Ó ti ń dúró láti àsìkò ààwẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá á jáde, Màmá. Ogún náà á jáde. Owó gidi ni kì í jáde. Mátíù náà wà níbẹ̀. Owó tí Bàbá onílé fẹ́ fi lọ Mẹ́kà wà níbẹ̀. Israfil ní bí owó tuntun bá ti ń wọlé, òun á máa fi san tiwa."

"O sì wá ní áńgẹ́lì ni?"

"Bí mo bá ní olè ni, ta ló máa gbé owó tuntun wá?" Omijé já bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní."

Subuhanallahi! Gbogbo àdúgbò ló ń bá a pa ẹnu pọ̀, kì í ṣe torí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, bí kò ṣe torí pé ó ti di ọrùn wọn mú. Ní ilé àna, ẹni tí a bi léèrè ò ní ohun tó fẹ́ jẹ níbẹ̀, òtítọ́ ló máa sọ. Níbí, gbogbo ẹlẹ́rìí ló fẹ́ kí ìyàwó tètè wọlé kí wọ́n lè fi owó bàbá rẹ̀ gba ara wọn sílẹ̀. Ìyá Basit sáré tẹ nọ́ńbà Raliat.

"Raliat, má fi nǹkan kan ránṣẹ́ o! Ṣé o gbọ́ mi?"

Ẹ̀rín ni Raliat ń rín. "Àǹtí mi, mo ti fi ránṣẹ́! Bí ẹ ti ní ó dáa báyìí ni mo ti tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má lọ pe àsárì. Gbogbo rẹ̀ ti wọlé, mo ń rí i!"

Ìyá Basit ò mọ bí òun ṣe gun òkè lẹ́ẹ̀kejì. Ó sọ fún Israfil pé kó dá owó tísà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti Ọ̀yọ́ padà. Israfil tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Màmá mi, owó wọn wà, mìmì kan ò lè mì ín. Àmọ́ torí ẹ̀bùn tí a fi lé e, ó di oṣù mẹ́ta kó tó ṣeé gbé jáde. Àdéhùn ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ pé àwọn gbà." Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó dùn létí. Ìyá Basit figbe ta. Ó ní olè! Ó ní kí gbogbo ayé gba òun! Ó ní òun á dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yìí, àfi kí wọ́n gbé òkú òun níbẹ̀.

Ó dùbúlẹ̀ lóòótọ́. Ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó sáré gòkè wá, Ìyá Bushrah ni, Mátíù ni, Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá ni, tòun tọ̀pá. Kì í ṣe Israfil ni wọ́n dojú kọ. Ìyá Basit ni wọ́n ń bẹ̀. Mátíù gbá a mú lápá, ó ní, "Màmá, ẹ má pariwo, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é. Bí wọ́n bá gbọ́ nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fowó sí i mọ́." Bàbá onílé pàápàá kúnlẹ̀ lórí orúnkún tí kò lágbára. Àgbàlagbà ń kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó jẹ owó Mẹ́kà rẹ̀! Ìyá Basit dìde, ó gbọn ìró rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ìrọ̀rí tó kó wá, kò rántí wọn mọ́.

Raliat kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà. Ì bá tiẹ̀ jà ni, ì bá sàn. Ó kàn ní, "Àǹtí mi, mi ò ṣáà dúró kí ẹ dé. Ẹ ní kí n dúró." Ṣùgbọ́n Ìyá Basit mọ ohun tó sọ lórí fóònù. Òun ló ní wọ́n ń sọ rere rẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n lọ, wọ́n ní kí wọ́n lọ máa retí. Lójoojúmọ́ ni Raliat ń ṣí fóònù wo owó rẹ̀ bó ṣe ń pọ̀ sí i. Bí ẹ bá rí bó ti ń pọ̀ tó, ẹ ó ní ọlọ́rọ̀ ń sùn láàárín àpò òwú.

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn náà, àlejò kan wọlé lọ́sàn-án, Tísà Ìbùkúnọlá, tí òun àti Raliat jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé kan náà. Inú rẹ̀ dùn, ó ń tàn. Raliat tẹ́ ẹní fún un sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Basit ń rán ìrọ̀rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Raliat, owó ìfẹ̀yìntì tèmi náà ti jáde o!" Ìbùkúnọlá ní. "Lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní kí n wá bi ẹ́ léèrè kí n tó ṣe ohunkóhun, torí ìwọ ti wà níbẹ̀. Fọkànbalẹ̀ tí wọ́n ń sọ yìí, ṣé ó ṣeé fọkàn tán?"

Raliat tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tí Ìyá Basit ò rí lójú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

"Ó dáa o. Ọmọlúàbí ni Israfil. Mi ò rí irú ẹ̀ rí." Ó tún béèrè pé, "Èló ló wọlé fún ẹ? Ṣé gbogbo ẹ̀ lo fẹ́ gbé síbẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Ìyá Basit.

Wàlláhì, ó fẹ́ dákẹ́. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ó ro ilé Jọbẹ̀lẹ̀ tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Ó ro sísín àbúrò rẹ̀. Bí owó Ìbùkúnọlá bá wọlé, ó ṣeé ṣe kí ti Raliat jáde, Ìbùkúnọlá kì í sì í ṣe ọmọ ìyá wọn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ta tún ni ìyẹn ń ṣe lóore? Ó wo ojú àlejò tó ń tàn yẹn. Ojú kan náà ni Raliat fi gbé fóònù wá bá a lọ́jọ́sí.

"Raliat," ó ní.

"Ẹ̀n, Àǹtí mi."

"Ìwọ àti Israfil, kí lẹ jọ jà lé lórí?"

Ìbùkúnọlá wo ẹ̀gbọ́n, ó wo àbúrò.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí lẹ jọ jà lé lórí?"

Raliat fi ìborùn bojú. Ohùn rẹ̀ ti há ju ti ìgbà tó ń kọ́ni lọ.

"Òrùlé mi ni," ó ní. "Ìbùkún, òrùlé mi ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Má gbé tìẹ lọ síbẹ̀."

Ìbùkúnọlá ti fóònù rẹ̀ bọ inú báàgì, ó sún mọ́ Raliat lórí ẹní, ó sì gbá a mọ́ra.